Róólà Mẹ́ta Tó Ń Dá Alùpùpù Àtijọ́ Dúró

Ọ̀rọ̀ alùpùpù àtijọ́ la gbé wá lónìí, pàápàá Honda CB750 tí wọ́n gbé jáde ní Japan ní 1969. Sílíńdà mẹ́rin ló ní, ẹ́ńjìnì rẹ̀ jẹ́ 736 cc, ó sì ní bọ́tìnì tí èèyàn lè fi àtàǹpàkò tẹ̀ kí ẹ́ńjìnì jí. Títí dòní, àwọn èèyàn ṣì ń gùn ún ní Britain, Kánádà àti Amẹ́ríkà. Àmọ́ ẹ̀rọ tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, àìsàn ò lè ṣàìmá ṣe é.

Ọ̀kan nínú àwọn àìsàn náà nìyí: ẹ tẹ bọ́tìnì, sítátà ń yí, ó ń dún fììì bí ẹ̀rọ ìlọta tí wọn ò bu ata sí, ẹ́ńjìnì ò sì mira rárá. Ọ̀pọ̀ èèyàn á sáré ra bátìrì tuntun. Bí ìyẹn ò bá yanjú ẹ̀, wọ́n á tún ra sítátà. Owó ti lọ, alùpùpù ò jí. Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Bí sítátà bá ń yí geere, iná ti dé ibi tó yẹ kó dé. Ohun tó so sítátà mọ́ ẹ́ńjìnì ló yẹ ká lọ wò, ìyẹn kílọ́ọ̀ṣì sítátà.

Kí ni iṣẹ́ rẹ̀?

Ẹ má ṣì í mú o. Èyí kì í ṣe kílọ́ọ̀ṣì tí à ń fi ọwọ́ òsì fà ká tó yí jíà. Ẹ ronú kan kẹ̀kẹ́ tí à ń fẹsẹ̀ wà. Bí ẹ bá tẹ pẹ́dàlì síwájú, táyà ẹ̀yìn á yí. Bí ẹ bá dá ẹsẹ̀ dúró lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, táyà á máa sáré lọ láìfa ẹsẹ̀ yín dání. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló ń gbà mú nǹkan, ó ń jọ̀wọ́ rẹ̀ ní ọ̀nà kejì.

Bákan náà ni kílọ́ọ̀ṣì sítátà rí. Sítátà ní láti yí ẹ́ńjìnì kó lè jí. Ṣùgbọ́n gbàrà tí ẹ́ńjìnì bá jí, á máa sáré ju sítátà lọ fíìfíì. Bí wọ́n bá ṣì so mọ́ ara wọn nígbà yẹn, ẹ́ńjìnì á fi eré pa sítátà.

Nínú CB750, ẹ̀yìn rotor jẹnẹrétọ̀ ní apá òsì ẹ́ńjìnì ni kílọ́ọ̀ṣì yìí fara pamọ́ sí. Róólà irin mẹ́ta ló wà níbẹ̀, wọ́n rí róbótó bíi ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n gé kúkurú. Kálukú wà nínú ihò tó fẹ̀ lápá kan, tó sì fún lápá kejì. Sípíríǹgì kékeré kan ń ti ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ sápá tó fún. Bí jíà sítátà bá yí, àwọn róólà á há síbẹ̀, wọ́n á sì fa ẹ́ńjìnì lọ. Bí ẹ́ńjìnì bá jí, wọ́n á yí padà sápá tó fẹ̀, wọ́n á sì jọ̀wọ́. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ fetí sílẹ̀ kí ẹ tó mú sípánà

Nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí mò ń ṣe, a kì í tún gbogbo ètò kọ nítorí àṣìṣe kan. A ó kọ́kọ́ wá ibi tí nǹkan ti já. Etí yín lè ṣe iṣẹ́ náà níbí.

Bó bá dún "tàk" lẹ́ẹ̀kan tó dákẹ́, ẹ wo bátìrì àti wáyà. Bí ẹ́ńjìnì bá ń yí tìrótìró bí ẹni tí oorun ń kùn, bátìrì ti rẹ̀ nìyẹn. Àmọ́ bí sítátà bá ń sáré tí ẹ́ńjìnì dúró gbọin, tàbí tó ń mú lónìí tó ń yọ̀ lọ́la, kílọ́ọ̀ṣì sítátà lẹ máa fura sí. CB750 yìí ṣì ní kíìkì, nítorí náà ẹ fi ẹsẹ̀ ta á. Bó bá jí, ẹ ti mọ̀ pé epo àti iná ń lọ dáadáa.

Bí a ṣe ń tú u

Ẹ yọ wáyà bátìrì. Ẹ gbé alùpùpù sórí ẹsẹ̀ àárín, kẹ́ ẹ gbé abọ́ sábẹ́ ẹ̀ torí ọ́ìlì. Ẹ ṣí ìdérí apá òsì. Láti tú bóòtù rotor, ẹ fi jíà sí èyí tó ga jù, kí ẹnì kan tẹ bíréèkì ẹ̀yìn mọ́lẹ̀ kí ẹ́ńjìnì má baà yí.

Rotor ò ní jáde bí bóòtù bá ti jáde o. Ó há mọ́ irin tí ẹnu rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Puller tó bá òró rẹ̀ mu ni kẹ́ ẹ fi fà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé òòlù. Ẹni tó bá lù ú lè tẹ irin tí gbogbo písítìnì rọ̀ mọ́, owó ìyẹn sì ju owó róólà lọ fíìfíì. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Ẹ tẹ́ aṣọ sílẹ̀ kó tó jáde, torí róólà àti sípíríǹgì lè fò. Ẹ kà wọ́n: mẹ́ta mẹ́ta ni.

Kí la ń wá?

Ẹ wò ó bóyá róólà ti jẹ pẹrẹsẹ lápá kan, tàbí sípíríǹgì kan ti kúrú ju èkejì lọ. Ẹ fi èékánná ra ibi tí róólà ń mú lára jíà. Bó bá ní ihò tàbí ojú àpá, róólà tuntun nìkan ò ní tó. Ẹ wo síkúrù mẹ́ta tó de kílọ́ọ̀ṣì mọ́ rotor pẹ̀lú. Wọ́n máa ń tú fúnra wọn. Bí ọ̀kan bá já bọ́ sínú ẹ́ńjìnì tó ń sáré, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti sítátà nìyẹn. Ẹ fọ òró wọn mọ́, kẹ́ ẹ fi gọ́ọ̀mù òró sí i kẹ́ ẹ tó dè wọ́n padà.

Nígbà míì, ìdọ̀tí ọ́ìlì àtijọ́ ló dí ihò tí sípíríǹgì ò fi lè ti róólà. Èyí wọ́pọ̀ lára alùpùpù tó sùn látìgbà òtútù di ìgbà ooru. Ẹ fọ gbogbo rẹ̀, kẹ́ ẹ sì lo ọ́ìlì alùpùpù tí wọ́n kọ JASO MA sí lára, torí ọ́ìlì kan náà ló ń rin kílọ́ọ̀ṣì ńlá.

Ìdánwò orí tábìlì

Kí ẹ tó dá a padà, ẹ ti jíà bọ inú kílọ́ọ̀ṣì lórí tábìlì, kẹ́ ẹ fọwọ́ yí i. Lápá kan, ó gbọ́dọ̀ yí fẹ́ẹ́rẹ́. Lápá kejì, ó gbọ́dọ̀ mú lójú ẹsẹ̀, láìyọ̀ rárá. Bó bá yọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, iṣẹ́ ò tíì parí. Ẹ nu ọ́ìlì kúrò lójú irin tí rotor ń há mọ́, ẹ fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun sí ìdérí, kẹ́ ẹ sì fún bóòtù dé ìwọ̀n tí ìwé alùpùpù yín kọ.

Ẹ wá tọ́jú bátìrì náà o. Bí agbára rẹ̀ bá kéré, ẹ́ńjìnì lè ta padà sẹ́yìn nígbà tí ẹ bá ń jí i, àwọn róólà tuntun yẹn náà ni ìtapadà ọ̀hún máa kọ́kọ́ lù.