Ọ̀rẹ́ tí ó pa oògùn rẹ̀ tì: ìbáwí kò lè wò ó sàn

Ẹ jẹ́ kí á fi ojú inú wo aránṣọ kan ní ìlú Kétu. Ó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún. Ó pé ọdún méje tí dókítà ti sọ fún un pé ó ní àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Láti ìgbà náà ni ó ti ń lo oògùn ní àràárọ̀ àti ní alaalẹ́. Kì í jẹ́ kí ó tán kí ó tó ra òmíràn. Ṣùgbọ́n ní ọdún tí ó kọjá, ìyàwó rẹ̀ kú. Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn aládùúgbò kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ mọ́. Nígbà tí ó yá, kò tilẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn ibi iṣẹ́ rẹ̀.

Aránṣọ yìí ní ọ̀rẹ́ kan tí wọ́n jọ dàgbà. Àgbàdo ni ọ̀rẹ́ náà ń tà. Ní ọjọ́ ọjà kan, ọmọbìnrin aránṣọ wá bá a ní ìdí ọjà rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ní: “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bá bàbá wa sọ̀rọ̀. Wọn kò lo oògùn mọ́. Wọn kì í jẹun ní àkókò. Bí a bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní kí á fi àwọn sílẹ̀.”

Ọ̀rẹ́ náà lọ sí ilé aránṣọ. Ó bá oògùn nínú àpò ọ̀rá lábẹ́ tábìlì, eruku ti bò ó. Ìbáwí ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ó bọ́ sí i lẹ́nu: “Ṣé o fẹ́ pa ara rẹ ni? Àgbàlagbà bí ìwọ!” Aránṣọ kò dáhùn. Ó kọjú sí ògiri.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń dúró sí. A ó bínú, a ó bá ẹni náà wí, a ó sì padà sí ilé wa. A ó máa sọ pé olóríkunkun ni. Ṣùgbọ́n ṣé orí kunkun ni ó ń ṣe é lóòótọ́?

Àìsàn mẹ́ta nínú ara kan

Nínú ara ènìyàn, omi kan wà tí àwọn dókítà ń pè ní ínsúlínì. Òun ni ó ń ṣí ọ̀nà fún ṣúgà kí ó lè kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, kí ó wọ inú ẹran ara, kí ó sì di agbára. Bí ínsúlínì kò bá tó, tàbí bí ara kò bá gbọ́ tirẹ̀ mọ́, ṣúgà á kún inú ẹ̀jẹ̀. Àtọ̀gbẹ nìyẹn. Bí wọ́n bá yẹ ẹ̀jẹ̀ ènìyàn wò ní òwúrọ̀ kí ó tó jẹun, tí ṣúgà inú rẹ̀ sì jẹ́ gíráàmù 1,26 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú lítà kan, ní ẹ̀ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àtọ̀gbẹ ni.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ní tirẹ̀ ni kí ẹ̀jẹ̀ máa fi agbára tí ó pọ̀ jù ti ara iṣan tí ó ń gbà kọjá. Bí wọ́n bá wọ̀n ọ́n ní ọ̀pọ̀ ìgbà, tí ó ń jẹ́ 14 lórí 9 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ti ga jù.

Àwọn méjèèjì ń ba iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́ ní ìdákẹ́jẹ́. Wọn kì í sábà dun ènìyàn ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó pa oògùn tì lónìí lè má rí nǹkan kan lọ́la. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ti ń lọ, ojú lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, kíndìnrín lè dáṣẹ́ sílẹ̀, egbò ẹsẹ̀ lè kọ̀ láti jinná. Ọkàn-àyà lè dá iṣẹ́ dúró lójijì, tàbí kí apá àti ẹsẹ̀ ìhà kan rọ.

Ẹ̀kẹta ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Èyí kì í ṣe ìbànújẹ́ ọjọ́ kan tàbí ọjọ́ méjì. Bí ó bá ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí inú ènìyàn ti ń bàjẹ́ láti òwúrọ̀ di alẹ́, tí ohun tí ó ń dùn mọ́ ọn tẹ́lẹ̀ kò dùn mọ́ ọn mọ́, ó yẹ kí á fura. Ó lè má rí oorun sùn, tàbí kí ó máa sùn jù. Oúnjẹ lè má wù ú. Ó lè máa rẹ̀ ẹ́ láìṣe iṣẹ́. Ó lè máa sọ pé òun kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Àìsàn ni èyí. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í ṣe àìnígbàgbọ́, kì í sì í ṣe ohun ìtìjú fún ìdílé.

Àwọn onímọ̀ ìṣègùn ti rí i pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń mú àwọn tí ó ní àtọ̀gbẹ ní nǹkan bí ìlọ́po méjì ju bí ó ti ń mú àwọn tí kò ní in. Àìsàn kan ń ran èkejì lọ́wọ́. Nígbà tí ọkàn bá wà nínú wàhálà, ara ń tú àwọn omi kan jáde tí wọ́n ń gbé ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ sókè. Ní ìhà kejì, ara tí ṣúgà ti dà rú kò ní agbára láti gbé ìbànújẹ́.

Ohun mìíràn tún wà. Ọjọ́ iwájú ni ènìyàn ń rò tí ó fi ń lo oògùn àtọ̀gbẹ àti ti ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó ń lò ó kí ojú rẹ̀ má baà fọ́ ní ọdún mẹ́wàá sí i. Ẹni tí kò rí ọ̀la mọ́, kí ni yóò fi oògùn ọ̀la ṣe? Nítorí náà, kí á tó lè mú ọ̀rẹ́ wa padà sí ìdí oògùn, a ní láti kọ́kọ́ bá a gbé ẹrù tí ó wà lọ́kàn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò

Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. “Ṣe bí ọkùnrin.” “Ìwọ nìkan kọ́ ni ìyàwó rẹ̀ kú.” “Gbàdúrà, ó ti tán.” Ẹni tí ó ń sọ ọ́ rò pé òun ń ṣe ìrànwọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí aláìsàn ń gbọ́ nínú rẹ̀ ni pé ẹ̀bi òun ni.

Ọ̀rẹ́ aránṣọ padà wá ní ọjọ́ kejì. Ó gbé àkàsà àti ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ lọ́wọ́. Kò dárúkọ oògùn rárá. Ó ní: “Mo wá jókòó tì ọ́ ni.” Wọ́n jẹun díẹ̀. Nígbà tí ó pẹ́, ó béèrè pé: “Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ ti lọ, báwo ni òru ṣe ń rí fún ọ?”

Aránṣọ sọkún. Lẹ́yìn náà ó ní: “Òun ni ó máa ń bu omi fún mi tí mo bá fẹ́ lo oògùn. Bí mo bá ti rí oògùn yẹn, òun ni mo ń rí.”

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò bá a jiyàn. Ọ̀rọ̀ kan yìí ni ó jẹ́ kí ó mọ ibi tí bàtà ti ń ta ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ìbáwí kò bá tí mú un débẹ̀ láéláé.

Bá a lọ, má ṣe rán an lọ

“Lọ rí dókítà” jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó rọrùn láti sọ. Fún ẹni tí dídìde lórí ẹní ṣòro fún, ìrìn àjò gígùn ni. Nítorí náà, ọ̀rẹ́ aránṣọ dá ọjọ́, ó gba zémíjàn méjì ní kùtùkùtù, wọ́n sì jọ lọ sí ilé ìwòsàn. Àwọn nǹkan wọ̀nyí ni ẹnikẹ́ni lè ṣe bí i tirẹ̀:

Kí ó mú ìwé ìlera ọ̀rẹ́ rẹ̀ àti gbogbo oògùn tí ó kù dání. Kí ó sọ fún dókítà pé ó ti pẹ́ tí ọ̀rẹ́ òun ti pa oògùn tì. Ẹni tí ó ti dá oògùn dúró fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kò gbọdọ̀ dá a bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. Dókítà ni yóò sọ ìwọ̀n tí ó yẹ.

Kí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ ìrẹ̀wẹ̀sì náà fún dókítà. Ọ̀pọ̀ aláìsàn ń sọ ti ẹsẹ̀ àti ti orí, wọn kì í sọ ti ọkàn. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ní ìtọ́jú. Fún àwọn kan, ìjíròrò pẹ̀lú onímọ̀ tó. Fún àwọn mìíràn, oògùn wà pẹ̀lú rẹ̀. Oògùn náà kì í ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ kan. Ó ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá a dúró láìsọ fún dókítà.

Kí wọ́n ní ìwé kékeré kan. Ọ̀rẹ́ aránṣọ jẹ́ ẹni tí ó kọ́ ìwé kíkà ní kíláàsì àgbà. Ó fa ìlà, ó pín ojú ewé sí mẹ́ta: ọjọ́, ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru. Ohun tí nọ́ọ̀sì bá kà, òun á kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé kékeré yìí ń jẹ́ kí dókítà rí bí nǹkan ti ń lọ.

Kí wọ́n wá ọ̀nà tuntun fún àkókò oògùn. Ọmọbìnrin aránṣọ ni ó ń bu omi fún un báyìí ní àràárọ̀. Ní alẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ á tẹ̀ ẹ́ láago láti kí i.

Kí wọ́n máa rìn. Ìdajì wákàtí ní ọjọ́ márùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀ ń ran ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ àti ọkàn lọ́wọ́. Ẹni tí ara rẹ̀ kò tíì yá lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kí wọ́n jọ rìn.

Kí wọ́n wo oúnjẹ. Àkàsà, ẹ̀bà àti iyán kì í ṣe èèwọ̀, ìwọ̀n ni ó ṣe pàtàkì. Kí ẹ̀fọ́ gba ìdajì àwo. Kí iyọ̀ gbogbo ọjọ́ má ju gíráàmù 5 lọ, èyí tí kò kún ṣíbí kékeré kan. Iyọ̀ pọ̀ nínú kúùbù tí a ń fi sí ọbẹ̀. Kí wọ́n sì jìnnà sí sódàbì: ó ń jọ pé ó ń tu ọkàn lára, ṣùgbọ́n ó ń fi kún ìrẹ̀wẹ̀sì.

Ìbéèrè tí ó ń bani lẹ́rù

Bí ọ̀rẹ́ ẹni bá ń sọ pé ikú sàn ju ayé lọ, kí á má ṣe yí ọ̀rọ̀ náà dà sí àwàdà. Kí á bi í ní tààrà: “Ṣé ó ń wá sí ọ lọ́kàn láti pa ara rẹ?” Ìbéèrè yìí kì í fi èrò náà sí i lọ́kàn. Ó ń fún un ní àyè láti sọ ohun tí ó ń dá gbé. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, kí á má ṣe fi í sílẹ̀ ní òun nìkan. Kí á kó ègbògi kòkòrò oko àti àpọ̀jù oògùn kúrò ní àrọ́wọ́tó rẹ̀, kí á sì mú un lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an.

Àwọn àmì mìíràn wà tí kò gba ìdúró. Bí àyà bá ń dun ènìyàn bí ẹni pé nǹkan tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, tí ó ń làágùn, tí kò lè mí dáadáa, ilé ìwòsàn ni. Bí ẹnu bá wọ́ sí ìhà kan, tí apá kan rọ, tàbí tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu, ilé ìwòsàn ni. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́ ju, tí ó ń tọ̀ lemọ́lemọ́, tí ó ń bì, tí oorun sì ń kùn ún, ilé ìwòsàn ni.

Ẹni tí ó lo ínsúlínì tí kò sì jẹun lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, kí ó máa làágùn, kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì dà rú. Ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni ó já sílẹ̀. Bí ó bá lè gbé nǹkan mì, kí á fún un ní horo ṣúgà mẹ́ta, lẹ́yìn náà kí ó jẹun. Bí ó bá ti dákú, kí á má ṣe fi ohunkóhun sí i lẹ́nu. Kí á gbé e lọ kíákíá.

Ìrànwọ́ wà nítòsí

Ní àwọn ọdún 1950, Thomas Adéoyè Lambo, dókítà ọmọ Yorùbá, kò fẹ́ kí àwọn aláìsàn ọkàn dá wà lẹ́yìn ògiri ilé ìwòsàn Arò ní Abẹ́òkúta. Ó ṣètò kí wọ́n máa gbé ní àwọn abúlé tí ó wà nítòsí, pẹ̀lú ìbátan tí ó bá wọn wá, kí wọ́n sì máa lọ gba ìtọ́jú. Ó ti mọ̀ pé oògùn àti ojúlùmọ̀ ni wọ́n jọ ń wo ọkàn sàn.

Grégoire Ahongbonon, ọmọ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ń ṣe iṣẹ́ táyà ní Bouaké ní ilẹ̀ Côte d'Ivoire. Ìrẹ̀wẹ̀sì mú un débi pé ó fẹ́ pa ara rẹ̀. Lẹ́yìn tí ó bọ́ nínú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìtọ́jú àwọn aláìsàn ọpọlọ tí ìdílé ti kọ̀ sílẹ̀. Ẹgbẹ́ Saint Camille tí ó dá sílẹ̀ ní ibùdó ní Avrankou, nítòsí Porto-Novo. Ní Kútọnu, ilé ìwòsàn ìjọba fún àìsàn ọpọlọ wà ní àdúgbò Jacquot. Ẹni tí ibẹ̀ jìnnà sí lè bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìlú rẹ̀.

Kí ẹni tí ó ń ṣe ìrànwọ́ má ṣe gbàgbé ara rẹ̀. Igi kan kì í dá igbó ṣe. Kí ọmọ, aládùúgbò àti ẹlẹ́gbẹ́ pín iṣẹ́ náà láàárín ara wọn. Ọjọ́ kan yóò wà tí aláìsàn kò ní fẹ́ rí ẹnikẹ́ni. Kí á padà wá ní ọjọ́ kejì.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, aránṣọ tún ti ń ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ ní òwúrọ̀, bí kò tilẹ̀ ju wákàtí mélòó kan lọ. Nínú ìwé kékeré náà, ṣúgà ti ti 2,40 sọ̀ kalẹ̀ sí 1,60. Kò tíì tó bí dókítà ti fẹ́. Ó ṣì ń sọkún ní alẹ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ ojú ewé náà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti kọ ọjọ́ tí wọn yóò tún lọ rí dókítà. Ó sì kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta tẹ̀ lé e: a jọ lọ.