Odò tí ọmọdé lè fò ló pín abúlé yìí sí méjì: fún ọdún 37, aládùúgbò ò gbọdọ̀ kí aládùúgbò!

Tí ẹnì kan bá jáde síta láàárọ̀, tó rí aládùúgbò rẹ̀ tó ń gbálẹ̀ lódìkejì ọ̀nà, ṣebí ohun tó kàn ni kó kí i? Kò ná an ní kọ́bọ̀. Àmọ́ ní Mödlareuth, abúlé kékeré kan lórílẹ̀-èdè Jámánì, odindi ọdún 37 ló fi jẹ́ pé ẹni tó wà lápá kan abúlé náà ò gbọdọ̀ juwọ́ sí ẹni tó wà lápá kejì. Bí tọ̀hún bá sì kí i, kò gbọdọ̀ dáhùn. Tó bá fi lè dáhùn, ìjọba fẹ́ gbọ́ ohun tó rí tó fi dáhùn.

Ohun tó wà láàárín àwọn méjèèjì ò ju odò kan lọ. Tannbach ni wọ́n ń pè é. Kò fẹ̀, kò jìn, ọmọ tó bá ta kébé díẹ̀ á fò ó kọjá tí bàtà rẹ̀ ò ní tutù.

Kì í ṣe ìlú ńlá o. Gbogbo èèyàn tó ń gbé ibẹ̀, bíi 50 ni, ìyẹn ò tó èrò inú mọ́lúè kan. Ilẹ̀ olókè ni agbègbè náà, òkè kéékèèké ló tò lọ rẹrẹ, pápá oko àti igbó ló wà láàárín wọn, ilẹ̀ Czech ò sì jìnnà síbẹ̀. Hof ni ìlú tó tóbi díẹ̀ tó sún mọ́ wọn. Òtútù ibẹ̀ kì í ṣe kékeré rárá. Àwọn ará Jámánì fúnra wọn máa ń fi agbègbè Hof ṣe yẹ̀yẹ́ pé Siberia ti Bavaria ni, nítorí Siberia yẹn ni ibi tó tutù tó ń pa èèyàn ní Rọ́ṣíà. “Reuth” tó kẹ́yìn orúkọ abúlé yìí, ibi tí wọ́n ti ṣán igbó kí wọ́n tó tẹ̀dó ni ìtumọ̀ rẹ̀. Orúkọ bẹ́ẹ̀ pọ̀ lápá ibẹ̀, òun náà ló wà lára Bayreuth. Tannbach ní tiẹ̀, odò igi Tanne ni, igi ṣóṣóró tí wọ́n máa ń ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ tí Kérésì bá dé. Omi rẹ̀ ń ṣàn lọ bá odò Saale.

Ọ̀rọ̀ ààlà ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Lọ́dún 1810, ọba Bavaria gba ilẹ̀ Bayreuth lọ́wọ́ Napoleon, olórí ilẹ̀ Faransé tó ń pín ilẹ̀ Yúróòpù nígbà yẹn bí ẹní pín ẹran Iléyá. Ilẹ̀ Bavaria wá dé ẹ̀bá Tannbach. Ìdílé àwọn ọmọọba kan tí wọ́n ń pè ní Reuss ló ni òdìkejì. Ni wọ́n bá ri òkúta ààlà mọ́lẹ̀, wọ́n kọ KB sójú kan, ìyẹn Ìjọba Ọba Bavaria, wọ́n kọ FR sójú kejì, ìyẹn ilẹ̀ Ọmọọba Reuss. Nígbà tó di 1920, ilẹ̀ Reuss wọnú ìpínlẹ̀ Thuringia tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀.

Ta ló ka ìyẹn sí? Àwọn tó ń gba owó orí ló ń rí ààlà, àwọn ará abúlé ò rí i. Ilé ẹ̀kọ́ abúlé wà lápá Thuringia, ilé ọtí náà sì wà níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì wọn wà ní Töpen, lápá Bavaria. Ẹni tó ń gbé ní Bavaria, Thuringia ló ti ń mu bíà rẹ̀. Tó bá di ọjọ́ Sunday, ará Thuringia á wọṣọ, á gba Bavaria lọ síbi ìsìn. Wọ́n jọ ń lọ sóko, wọ́n ń fẹ́ra wọn, wọ́n ń bímọ. Odò náà wà níbẹ̀ tó ń ṣàn ní tiẹ̀.

Ogun Hitler ló da gbogbo ẹ̀ rú. Lọ́dún 1945 táwọn tó ṣẹ́gun pín Jámánì mọ́ra wọn lọ́wọ́, Bavaria bọ́ sọ́wọ́ Amẹ́ríkà, Thuringia bọ́ sọ́wọ́ Rọ́ṣíà. Wọn ò wulẹ̀ la ààlà tuntun, èyí tí wọ́n ti là láti 1810 náà ni wọ́n mú lò. Bí odò kékeré táwọn ọmọdé fi ń ṣeré ṣe di ibi tí Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà ti ń wo ara wọn lójú nìyẹn. Nígbà tó sì di 1949, Jámánì di orílẹ̀-èdè méjì pátápátá. Síbẹ̀ náà, ọ̀rọ̀ ò tíì le tán. Ẹni tó bá níwèé àṣẹ ṣì lè kọjá lọ sóko rẹ̀ tàbí lọ kí ẹbí.

1952 ni nǹkan yíwọ́. Lóṣù karùn-ún ọdún yẹn, ìjọba ìlà-oòrùn kéde pé òun ti ti ẹnubodè pa. Ilẹ̀ tó tó mítà 10 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààlà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́, ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ tí kò dúró, ìbọn ló máa bá a sọ̀rọ̀. Mítà 500 tó tẹ̀ lé e, àwọn tó ní àkànṣe ìwé nìkan ló lè wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ilẹ̀ tó tó kìlómítà 5 tún wà tí àlejò ò gbọdọ̀ dé láìgbàṣẹ. Ẹ wá wo abúlé tó jẹ́ pé odò tó wà láàárín rẹ̀ gan-an ni ààlà. Ilé àwọn mìíràn bọ́ sínú mítà 10 yẹn!

Oṣù tó tẹ̀ lé e, ìyẹn oṣù kẹfà, lọ́rí bẹ̀rẹ̀ sí í dé sáwọn abúlé ẹnubodè. Ìdílé tí ìjọba ò bá fọkàn tán, wọ́n á ní kí wọ́n kẹ́rù, ó di ọ̀nà jíjìn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ni wọ́n kó kúrò nílé wọn bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ẹ̀bá ààlà náà. Orúkọ tí wọ́n sì fún iṣẹ́ ọ̀hún láàárín ara wọn, “Ungeziefer”, ìtumọ̀ rẹ̀ ni kòkòrò ajẹnirun. Bí wọ́n ṣe ń rí èèyàn ẹlẹ́jẹ̀ nìyẹn, bí ìdun tó wọ bẹ́ẹ̀dì. Mödlareuth náà jẹ nínú ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá fi pákó ṣe ọgbà gba àárín abúlé kọjá, ọgbà tó ga ju èèyàn lọ, kí ojú pàápàá má baà rí ojú. Wáyà ẹlẹ́gùn-ún tẹ̀ lé e. Lọ́dún 1961, wọ́n mọ odi sáàárín Berlin, gbogbo ayé pariwo. Ní 1966, ó kan Mödlareuth: odi kọnkéré tó ga tó mítà 3.3, bí èèyàn méjì tó gorí ara wọn, tó sì gùn tó mítà 700. Ilé ìṣọ́ gogoro wà lẹ́yìn rẹ̀, iná ń tàn lóru bí ọ̀sán, àwọn ṣọ́jà ń rìn lọ rìn bọ̀ pẹ̀lú ìbọn. Gbogbo èyí nítorí abúlé tí èèyàn inú rẹ̀ kò pé 100! Àwọn ṣọ́jà Amẹ́ríkà tó ń ṣọ́ apá Bavaria wò ó títí, wọ́n sọ ọ́ ní “Little Berlin”, Berlin kékeré.

Ìyà ibẹ̀ ò dọ́gba ṣá o. Ará apá Bavaria lè rìn dé etí odò, ó lè pariwo, ó lè juwọ́ bó ṣe wù ú. Mọ́tò ń kó àlejò wá wòran lọ́dọ̀ wọn. Ará apá Thuringia ni kò gbọdọ̀ wo ọ̀hún lẹ́ẹ̀mejì. Kó tó wọlé ara rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ fìwé hàn. Ọmọ rẹ̀ tó ń gbé ìlú mìíràn, tí kò bá rí ìwé àṣẹ gbà, kò lè wá kí i. Ẹ̀gbọ́n lè máa gbọ́ tí àbúrò ń pè é láti òdìkejì odi, kó sì bojú wolẹ̀ bí ẹni tí kò gbọ́, torí ẹni tó ń ṣọ́ ọ wà lókè lọ́hùn-ún.

Ọkùnrin kan wà tí ara rẹ̀ ò gbà á. Lóṣù karùn-ún ọdún 1973, ó wa ọkọ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ odi náà, ó fi àkàbà gùn ún, ó sì bẹ́ sí òdìkejì. Káwọn ẹ̀ṣọ́ tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó ti di ará Bavaria!

Lóṣù kejì ọdún 1983, George Bush àgbà, tó jẹ́ igbákejì ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, wá wo odi yìí fúnra rẹ̀. Ọdún tí òun náà wá di ààrẹ, ìyẹn 1989, ni agbára odi ọ̀hún pin. Ní Berlin, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kọkànlá ni wọ́n ṣílẹ̀kùn, gbogbo ayé ń wò ó lórí tẹlifíṣàn. Odi Mödlareuth ṣì dúró ní tiẹ̀. Ará abúlé tó bá fẹ́ dé ilé tó dojú kọ tiẹ̀, àfi kó yí gba ẹnubodè ibòmíràn. Oṣù kan gbáko ni wọ́n fi ń fara da ìyẹn, kó tó di ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejìlá tí wọ́n lu ihò sára odi náà, táwọn èèyàn fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn kọjá. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹfà ọdún 1990, katapílà dé, ó wó o.

Wọn ò wó o tán. Wọ́n fi bíi mítà 100 sílẹ̀, pẹ̀lú ilé ìṣọ́ àti wáyà, wọ́n sọ ibẹ̀ di mùsíọ́ọ̀mù táwọn ọmọ ilé ìwé ń wá wò. Lọ́dún 2015, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn ZDF gbé eré aláwòrán kan jáde tí wọ́n fi orúkọ odò Tannbach pè, ìtàn abúlé yìí ni wọ́n sì fi ṣe àwòkọ.

Ohun tó máa ya ẹlòmíràn lẹ́nu ni pé Mödlareuth ṣì pín sí méjì títí dòní. Bavaria ò fi apá tiẹ̀ sílẹ̀, Thuringia náà ò fi tiẹ̀ sílẹ̀. Alága kánsù méjì ló wà lórí wọn, ọ̀kan ní Töpen, èkejì ní Gefell. Nọ́ńbà lẹ́tà wọn yàtọ̀, ìbẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà fóònù wọn yàtọ̀, HO ló wà lára ọkọ̀ àwọn kan, SOK ló wọ́pọ̀ lára tàwọn tó kù. Ọjọ́ ìsinmi pàápàá ò pa pọ̀. Lọ́jọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá, àwọn ará Thuringia wà nílé, àwọn ará Bavaria ń lọ síbi iṣẹ́. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó kan Bavaria láti sùn, Thuringia ló ń sáré wá ọkọ̀.

Ìkíni wọn náà ò bára mu. “Grüß Gott” ni wọ́n ń sọ lápá Bavaria, “Guten Tag” lápá kejì. Kò sẹ́ni tí wọ́n ń mú torí ẹ̀ mọ́.