Ṣé o mọ̀? Mario di eré ẹni mẹ́rin

Nígbà tí eré fídíò Super Mario Bros. jáde ní Jàpáànù lọ́dún 1985, ẹni méjì kì í ta á pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: àfi kí Mario kú kí Luigi, arákùnrin rẹ̀, tó bọ́ sójú eré. Ọdún 2009 ni New Super Mario Bros. Wii kó ẹni mẹ́rin sójú eré kan ṣoṣo, ni àríyànjiyàn bá bẹ̀rẹ̀. Ẹnìkejì rẹ lè gbé ọ sókè, kó sọ ọ́ sí kòtò! Àwọn kan ní adùn rẹ̀ gan-an nìyẹn. Àwọn mìíràn ní ìjà ló ń dá sílẹ̀. Wọ́n tún ráhùn pé kò ṣeé bá ara ẹni ta lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àti pé ẹ̀dá méjì tó ń jẹ́ Toad ni èèyàn lè fi ta á dípò Peach, ọmọ ọba. Lójú tèmi, àjọtà inú yàrá kan náà ló dára jù. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ìgbòho, bí ẹ bá fẹ́ ta á, ẹ wá ẹni tí kì í tètè bínú.