Kíkọ Ọ̀rọ̀ Tí Kò Dájú fún Kọ̀ǹpútà: Ìtàn Ìdásílẹ̀ Lọ́kọ́jà Gẹ́gẹ́ Bí Àpẹẹrẹ

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú iṣẹ́ yìí kan gbogbo olùkọ́ tó ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ wá ìtàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. RDF, ìlànà tí àjọ W3C fọwọ́ sí ní 1999, ni ọ̀pọ̀ àkójọ ìmọ̀ tí kọ̀ǹpútà ń kà fi ń to ọ̀rọ̀. Gbólóhùn rẹ̀ kò ju ẹyọ mẹ́ta lọ, àwa olùkọ́ èdè sì mọ̀ wọ́n dáadáa: olùwà, ọ̀rọ̀-ìṣe, àbọ̀. “Baikie – dá sílẹ̀ – Lọ́kọ́jà.” Ó parí.

Níbo wá ni “wọ́n ní” wà? Níbo ni “bóyá” àti “ó jọ pé” wọlé sí? Ìwé kan sọ pé 1859 ni William Balfour Baikie tẹ̀dó síbí, òmíràn ní 1860 ni. Àwọn Ọ̀wọ́rọ̀ sì ń sọ pé àwọn baba àwọn ti wà lágbègbè Òkè Patti kí òyìnbó tó dé. Bí gbólóhùn ẹlẹ́yọ-mẹ́ta yẹn bá dá wà, ìtàn tiwọn ti wọmi (ọ̀rọ̀ onílẹ̀ àti àlejò kì í sì í ṣe eré ní ìlú yìí).

Ọ̀nà kan ni pé kí a sọ gbólóhùn náà fúnra rẹ̀ lórúkọ. Ká pè é ní G1. Lẹ́yìn náà ni a ó wá kọ ẹni tó sọ G1, ìwé tó wà àti ọdún tó sọ ọ́. Ní ìlànà RDF, ṣíṣe àpèjúwe G1 kò túmọ̀ sí pé a fọwọ́ sí i, bí ẹni tó ní “wọ́n ní òjò rọ̀ ní Kàbbà” kò ṣe búra pé òjò rọ̀. Wàhálà rẹ̀ ni pé gbólóhùn kan á di mẹ́rin, kí a tó dárúkọ ẹni tó sọ ọ́ pàápàá.

Wikidata, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2012, mú un rọrùn díẹ̀. Ọdún méjì lè jókòó pọ̀ níbẹ̀, kálukú pẹ̀lú orísun rẹ̀. A sì lè fi àmì “nǹkan bí” sára 1809, ọdún ìbí Ajayi Crowther.

Àwọn kan fẹ́ kí a fi iye díwọ̀n ìdánilójú, bí 0.7. A kò fara mọ́ ọn fún ìtàn àtẹnudẹ́nu. Ta ló wọ̀n ọ́n?

Nínú kíláàsì, orúkọ Lọ́kọ́jà ni kí a fi bẹ̀rẹ̀: àwọn kan ní Yorùbá ni, àwọn kan ní Hausa ni. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ gbólóhùn méjèèjì, kí ó fi ẹni tó sọ ọ́ sára ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó má sì pa ọ̀kankan rẹ́.