Odò Ògùn: Ìdí Tí Igbó Orísun Rẹ̀ Fi Kan Ará Ọmọ́lé

Níbo ni omi ẹ̀rọ ti ń wá?

Iléeṣẹ́ omi Ìjù àti Adíyàn ló ń pèsè omi ẹ̀rọ fún agbègbè Ìkẹjà (tí Ọmọ́lé wà nínú rẹ̀) àti Agége ní Èkó. Odò Ògùn ni wọ́n ti ń fà á, ní Akúté. Adíyàn tí wọ́n ṣí ní 1991 nìkan, mílíọ̀nù 70 gálọ́ọ̀nù lójúmọ́ ni wọ́n kọ́ ọ fún. Ìtòsí Ṣakí ni odò náà ti ṣẹ̀, ó gba Ọgbà Orílẹ̀-èdè Ọ̀yọ́-Ilé kọjá, ó sì kan Abẹ́òkúta kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Kí ni igbó ń ṣe fún odò?

Gbòǹgbò igi ló ń di erùpẹ̀ etídò mú kí àgbàrá má wọ́ ọ lọ. Ilẹ̀ igbó a máa fa òjò mu, a sì máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Igbó ọba méjì, ti Òkè Ògùn àti ti Ọ̀yọ́-Ilé, ni ìjọba pa pọ̀ di Ọgbà Orílẹ̀-èdè Ọ̀yọ́-Ilé ní 1991. Ó lé ní 2,500 kìlómítà níbùú lóròó. Òfin kò fàyè gba ìwakùsà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ààbò yẹn kò kọjá ààlà ọgbà, bẹ́ẹ̀ odò ṣì ń ṣàn lọ.

Báwo ni ìwakùsà ṣe ń ba omi jẹ́?

Awawúrà a gbẹ́ etídò, a fọ erùpẹ̀, a sì da mẹ́kúrì sí i kó lè kó eruku wúrà jọ. Èyí tó ṣẹ́kù, àti òjé tó bá wà nínú òkúta wúrà, a bá omi lọ. Níléeṣẹ́ omi, álọ́ọ̀mù ń mú kí ẹrẹ̀ silẹ̀, kilorínì sì ń pa kòkòrò. Kò sí èyí tí a torí mẹ́kúrì tàbí òjé ṣe nínú wọn.

Nígbà tí ìwakùsà wúrà lágbègbè Iléṣà ba Odò Ọ̀ṣun jẹ́, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ fún àwọn olùjọsìn Ọ̀ṣun ní 2022 pé kí wọ́n má mu omi rẹ̀. Ní Zamfara ní 2010, òjé inú òkúta wúrà pa ọmọdé tó lé ní 400.

Kí ló yẹ ní ṣíṣe?

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ìjọba fẹ ààlà ọgbà náà, kí igbó ààbò tẹ̀lé odò àti àwọn ẹ̀ka rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó gba ìwé àṣẹ ìwakùsà níbẹ̀. Kí wọ́n kọ́kọ́ bá àwọn àgbẹ̀ àti baálẹ̀ ibẹ̀ jókòó.

Ẹ̀yin ará ilé:

- Bí àwọ̀ omi bá yí padà, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé sísè. Omi ló ń fẹ́; òjé á ṣẹ́kù sísàlẹ̀ ìkòkò.
- Ẹ gbé omi kànga ẹ̀rọ yín lọ fún àyẹ̀wò.
- Bí ẹ bá rí i tí wọ́n ń gbẹ́ etídò láìgbàṣẹ, ẹ sọ fún ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò yín àti LASEPA, àjọ tó ń dáàbò bo àyíká ní ìpínlẹ̀ Èkó, ní Aláúsá.
- Aláboyún àti abiyamọ kò gbọdọ̀ jẹ ẹja odò tí wọ́n ti ń wa wúrà. Ẹni tó bá ti jẹ ẹ́, kó sọ fún nọ́ọ̀sì nígbà tó bá lọ fún àyẹ̀wò.