Olú Tó Lè Mú Omi Tòrò

Kànga àsìkò òjò

Bí òjò bá ti rọ̀ léraléra ní Ilé-Ifẹ̀, kànga tí wọn ò mọ etí rẹ̀ dáadáa á dàrú, á sì pọ́n. Láti Ìlódè dé Ìrẹ̀mọ, títí wọ Mọdákẹ́kẹ́, álọ́ọ̀mù ni ọ̀pọ̀ ilé ń sá tọ̀. Wọ́n á di òkúta funfun náà mú, wọ́n á máa fi rò ó yípo nínú omi dúrọ́ọ̀mù. Láìpẹ́, ẹrẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣù pọ̀ ní kéékèèké, á sì máa rọra rì. Tílẹ̀ bá fi máa mọ́, òkè ti tòrò, ẹrẹ̀ ti sùn sídìí dúrọ́ọ̀mù.

Ohun tó ń gbé ẹrẹ̀ dúró

Amọ̀ tó pò mọ́ omi kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ. Iná mànàmáná òdì kan náà ló wà lára gbogbo wọn, wọ́n sì ń ti ara wọn sẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí omi fi lè wà nílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kó má tòrò. Álọ́ọ̀mù ló ń ba agbára yẹn jẹ́.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ojú lásán la fi ń wọ̀n ọ́n nílé. Bó bá pọ̀ jù, omi á kan, alumíníọ̀mù á sì ṣẹ́kù sínú rẹ̀. Òṣùwọ̀n omi mímu ti Nàìjíríà tó jáde ní 2007 kò fẹ́ kó ju mílígírámù 0.2 lọ nínú lítà kan.

Ìdílé olú

Ohun ọ̀gbìn náà ń ṣe iṣẹ́ álọ́ọ̀mù yìí. Àwọn obìnrin ilẹ̀ Sudan ti ń fi kóró èso mọ̀ríńgà tí wọ́n gún mú omi odò Náílì tòrò tipẹ́. Yíyọ̀ inú ilá pàápàá lè kó ẹrẹ̀ jọ: ṣúgà kéékèèké tí wọ́n sín gùn bí ìlẹ̀kẹ̀ ni, amọ̀ a sì máa lẹ̀ mọ́ ọn láti ibi púpọ̀ títí yóò fi wúwo, tí yóò rì.

Irú ṣúgà gígùn bẹ́ẹ̀ pọ̀ lára ìdílé olú, tí ìwúkàrà àti ohun tó ń mú búrẹ́dì bu jẹ́ mọ̀lẹ́bí rẹ̀. Ní 1973, àwọn olùwádìí Zajic àti LeDuy ní Kánádà tẹ iṣẹ́ jáde lórí èyí tí Aureobasidium pullulans, ọ̀kan nínú ìdílé yìí, ń pèsè, bó ṣe ń kó ẹrẹ̀ jọ. Òmíràn ni chitosan. Èèpo edé àti akàn ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe é, ṣùgbọ́n ó wà lára olú náà. Kódà wọ́n ń rí i láti ara olú Aspergillus niger tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi í ṣe ásíìdì inú ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Iná tí chitosan gbé lòdì sí ti amọ̀, ìyẹn ló fi ń tètè dì í mú.

Ó dùn mí pé èèpo ẹ̀gẹ́, tí irú olú bẹ́ẹ̀ lè hù lórí rẹ̀, ń jẹrà lẹ́bàá ibùdó gàrí wa. Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà láàárín wa. Ó yẹ kí ìjọba náwó sórí irú iṣẹ́ yìí níbẹ̀.

Ẹ má fi èbu ilé dán an wò

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ju búrẹ́dì tàbí àgbàdo tó ti bu sínú omi. Àwọn kan nínú ohun tó ń mú oúnjẹ bu ń tu májèlé aflatoxin, tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ṣúgà gígùn tí wọ́n bá yọ lára olú, tí wọ́n fọ̀, tí wọ́n sì yẹ̀ wò ní yàrá àyẹ̀wò nìkan ló ṣeé lò.

Bí omi bá ti tòrò tán

Kòkòrò kọ́lẹ́rà àti ti táífọ́ọ̀dù kò hàn sójú, omi títòrò kò sì ní kí wọ́n má sí níbẹ̀. Kì í sì í ṣe kòkòrò nìkan: lọ́dún 2022, ìjọba Ọ̀ṣun kìlọ̀ fún àwọn tó wá sọ́dún Ọ̀ṣun Òṣogbo pé kí wọ́n má mu omi odò Ọ̀ṣun, nítorí ìdọ̀tí tí iṣẹ́ ìwakùsà góòlù dà sí i. Irú omi bẹ́ẹ̀, ẹ má mu ún rárá: sísè kì í yọ irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀, bí òjé, kúrò.

Ti kànga ni kí ẹ jẹ́ kó tòrò, kí ẹ rọra bu òkè rẹ̀ láìrú ìdí, kí ẹ sẹ́ ẹ pẹ̀lú aṣọ mímọ́. Ẹ gbé e kaná títí yóò fi hó kùtùkùtù fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ dà á sínú ohun tó ní ìdérí.