'Pín' tàbí 'Àtagbà': Ọ̀rọ̀ fún Àwòrán Inú Fóònù

Bí a bá pín iṣu fún ènìyàn mẹ́ta, ti oníṣu yóò dín kù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi àwòrán inú fóònù ránṣẹ́ lórí WhatsApp kò pàdánù ohunkóhun: ẹ̀dà ni ó lọ, ojúlówó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, 'pín' tí àwọn atúmọ̀ èdè ń lò fún iṣẹ́ yìí kò kún ojú ìwọ̀n.

Láti ọdún 2009 tí WhatsApp ti bẹ̀rẹ̀, nọ́ńbà fóònù ni a fi ń forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀; àìní ímeèlì kì í ṣe ìdíwọ́. Ẹni tí ó gba àwòrán sì lè fi í ṣọwọ́ sí ẹlòmíràn láìtọrọ àṣẹ. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá tilẹ̀ pa á rẹ́, ẹ̀dà tí ó ti kọjá sọ́wọ́ ẹlòmíràn kò parẹ́. Èyí ni 'àtagbà' gbé yọ ju 'pín' lọ.

Kí 'fi ṣọwọ́' dúró fún ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní, kí 'ta látagbà' dúró fún èyí tí ó tẹ̀ lé e. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá fi ọ̀rọ̀ méjèèjì kọ́ yóò mọ̀, kí ó tó tẹ bọ́tìnì, pé ẹyin ni àwòrán: bí ó bá bọ́, kì í ṣe é kó.